Ìlà Tí A Tò Lẹ́ẹ̀méjì

Òjò Cardiff kì í rọ̀ bí ẹni tó ń bínú;
ó kàn ń wí tẹnu rẹ̀ lọ láti àárọ̀
bí arúgbó tí kò bìkítà bóyá a ń gbọ́.
Aago méje alẹ́. Àwọn ẹyẹ òkun ti gba òrùlé ilé ìwòsàn.
Mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, mo ṣí fírísà,
òtútù sọ lù mí lójú,
ìwọ̀n ọgọ́rin nísàlẹ̀ òdo.
Ọyẹ́ Ìkìrun kò sọ irú èyí fún mi rí.

Ìgò kékeré, kò ju ìka ọmọdé lọ.
Kò ní orúkọ. Nọ́ńbà ló ní: 4417.
Mùdùnmúdùn inú eegun ìbàdí ẹnì kan ni,
ẹni tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan
kí wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fà á.
Gwenllian, ọ̀gá mi, máa ń sọ pé,
"Má fún un ní ojú. Bí o bá fún un ní ojú, ọwọ́ rẹ á gbọ̀n."
Mo ti fún un ní ojú.
Ó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Splott, ó ní irùngbọ̀n,
ó máa ń dúró de ẹni tó ń sáré bọ̀.

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù
àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kún fọ́fọ́, gbogbo wọn ọmọdé.
Kò sí èyí tó fẹ́ dàgbà, kò sí èyí tó fẹ́ ṣiṣẹ́.
Wọ́n gba ibùsùn, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà,
ẹ̀jẹ̀ gidi kò rí ibi fẹ̀yìn tì.

Bàbá mi pè. Ọgbọ̀n ọdún ló fi to lẹ́tà òjé
nílé ìtẹ̀wé ìjọ ní Òṣogbo,
tó ń ka ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá bí ẹni ń kàwé nínú dígí.
"Kí lẹ ń wá gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀?"
Mo ní, Bàbá, ìwé ni ara. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi tò ó.
Ìlà kan wà tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé "bímọ",
tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.
Nínú ìgò yìí, wọ́n to apá kan ìlà náà lẹ́ẹ̀méjì.
Kò lè panu dé mọ́. Bímọ, bímọ, bímọ.

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀.
"Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Bí oorun bá ń kun ẹni,
ojú á fò padà sórí ìlà tó ti tò tán.
Ṣùgbọ́n èdè wa náà ń pe nǹkan lẹ́ẹ̀méjì, kò sì ṣàìsàn:
kíákíá, wẹ́wẹ́. Mùdùnmúdùn fúnra rẹ̀ ńkọ́?"
Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti pààrọ̀ ìbọ̀wọ́.
Lẹ́yìn náà ló bèèrè èyí tí n kò tíì rí dáhùn:
"Ta ló yẹ kó yẹ ìwé náà wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́?
Níbo ló wà lálẹ́ ọjọ́ náà?"

Oògùn kan wà tó ń di ìlà náà lẹ́nu.
Fún oṣù díẹ̀. Àwọn ọmọdé náà á wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Ìgò mẹ́ta ló wà fún 4417:
ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ àádọ́rùn-ún.
Lẹ́yìn ìyẹn, àyè òfìfo.
Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá, tó ti padà sídìí ọkọ̀.
Ó lè jẹ́ pé
òfin kò gbà mí láyè láti bèèrè.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi, wàràwàrà, láìfi àmì sí i:
eje 4417.
Bàbá mi ì bá fa ìlà pupa sí i nídìí.
Ẹ̀jẹ̀ ni, àbí ẹ̀jẹ́?
Ẹnì kan ti fún wa ní ọ̀kan. Ta ló jẹ èkejì?
Kálámù ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Nísàlẹ̀, bọ́ọ̀sì kan dúró nínú òjò, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.
Láti òkè yìí, n kò rí ojú awakọ̀.